Kílò 96, orúnkún tó ń dun ni, àti tíì tí wọ́n ń tà lọ́jà

Ìbéèrè náà rèé ní ṣókí. Obìnrin oníṣòwò kan ní agbègbè Kàbà, ẹni ọdún 47, kọ̀wé sí mi pé òun wọn kílò 96, òun sì ga ní mítà 1.60. Orúnkún ń dùn ún bó bá fẹ́ dìde nílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ráhùn pé ó ń hanrun lóru débi pé ẹ̀rù ń ba òun. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní kẹ́míìsì nígbà kan, ó jẹ́ 150 lórí 95, kò sì padà lọ wọ̀n ọ́n mọ́. Ó gba àwẹ̀ ọjọ́ 21 lọ́dún tó kọjá, kílò mẹ́fà wálẹ̀. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, kílò mẹ́jọ ti padà gùn ún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó dúpẹ́, pé ìbùkún ló ń hàn lára rẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta tíì tó ń fọ ọ̀rá ikùn nù fún un. Ọmọ rẹ̀ àgbà l'Ékòó ní abẹ́rẹ́ kan ti dé tó ń fa èèyàn gbẹ. Èyí àbúrò, ọmọ ọdún 23, ń lo oògùn ìsanra ní tirẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó kò. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí: “Kí ni kí n ṣe? Ṣé n ò ní jẹ iyán mọ́ ni?”

Okun o, Màmá. Ẹ kú ọjà, ẹ kú làálàá.

Ẹ máa jẹ iyán yín. Ẹ jẹ́ ká yanjú ìyẹn ná, nítorí ará Kàbà tí wọ́n bá ní kó má jẹ iyán mọ́ kò ní dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀. Bí a ó ṣe máa jẹ ẹ́ ni a máa sọ, a ó sì débẹ̀.

Ká kọ́kọ́ ṣírò. Ẹ mú kílò yín, ẹ fi gíga yín pín in, ẹ tún fi gíga náà pín ohun tó bá jáde. 96 tí a fi 1.60 pín jẹ́ 60. 60 tí a tún fi 1.60 pín jẹ́ 37.5. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní BMI nìyẹn. Lọ́dọ̀ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, 18.5 sí 24.9 ló wà ní déédéé. Bó bá ti di 25, ara ti ń kọjá ààlà. Láti 30 lọ sókè ni wọ́n ń pè ní àsanrajù, wọ́n sì ka àsanrajù sí àìsàn tó ń bá èèyàn gbé pẹ́, gẹ́gẹ́ bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ kò dá nìkan wà níbẹ̀. Ìṣirò WHO fún ọdún 2022 ni pé ẹnì kan nínú ẹni mẹ́jọ láyé ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Àmọ́ BMI kò mọ ẹran ara yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ọkùnrin tó ń kọ ebè láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi mú lè wọn kílò rẹpẹtẹ kó má sì sí ọ̀rá lára rẹ̀. Ẹlòmíì wà tó tín-ín-rín lápá, tó tín-ín-rín lẹ́sẹ̀, ikùn nìkan ló ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ọ̀rá sì ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ tú ìró, ẹ ká bùbá sókè, ẹ dúró ṣánṣán. Ẹ fi ìka wá ibi tí egungun ìhà tó kẹ́yìn parí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ẹ wá ibi tí egungun ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Agbedeméjì ibi méjèèjì ni téèpù máa gbà yí yín ká, ó sì sábà máa ń ga ju ibi tí ẹ ń so ìró mọ́ lọ. Ẹ má fún un mọ́ra. Ẹ mí jáde wọ́ọ́rọ́, ẹ má fa ikùn wọlé (gbogbo wa la máa ń fà á wọlé, àwa dókítà pàápàá), kí ẹ tó ka nọ́ńbà. Fún obìnrin, bó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ìyẹn bí ínṣì 31 àti ààbọ̀, ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọjá 88, ewu ti pọ̀. Ti ọkùnrin jẹ́ 94 àti 102, nítorí náà kí bàbá náà wá wọn tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè há nọ́ńbà sórí, kó ṣáà rántí pé kí ikùn má ju ìdajì gíga òun lọ. Ìdajì tiyín jẹ́ 80.

Kí ló dé tó jẹ́ ikùn ni mò ń lé kiri? Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ ìdí àti itan kò fi bẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, tó wé mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀, kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń tú oríṣiríṣi èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn èròjà yẹn sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún ìnsúlínì, họ́mónù tó ń kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí ìnsúlínì kò bá ríṣẹ́ ṣe mọ́, ṣúgà á máa pọ̀ lẹ́jẹ̀ títí yóò fi di àtọ̀gbẹ. Obìnrin tó bá sì ti ń sún mọ́ ìgbà tí nǹkan oṣù máa dá, bí ẹ̀yin báyìí, ọ̀rá rẹ̀ máa ń ṣí kúrò ní ìdí wá sí ikùn, bí kò tilẹ̀ jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ. Orúnkún ń dùn yín. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà lórí àwọn àgbàlagbà tó sanra tí orúnkún ń yọ lẹ́nu fi hàn pé kílò kan péré tó bá wálẹ̀ lára, kílò mẹ́rin ló ń kúrò nínú ẹrù tí orúnkún ń gbé ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kílò márùn-ún ṣírò rẹ̀. Oògùn ìrora tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì ń kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́ bí èèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 150 lórí 95 kò gbọdọ̀ sọ wọ́n di oúnjẹ.

Ti ìhanrun yẹn, ọkọ yín ṣe dáadáa tó sọ ọ́ síta. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣọ́ yín lóru kan tàbí méjì. Bí ìhanrun bá dá wáí, tí ẹ ò mí fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ wá ta gìrì, tí ẹ fa èémí pẹ̀lú ariwo, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, a jẹ́ pé ọ̀rá ọrùn ló ń di ọ̀nà ọ̀fun pa lójú oorun. Ẹni tó ní in á sun oorun wákàtí mẹ́jọ, á jí, á tún máa tòògbé nídìí ọjà. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ awakọ̀ sùn lọ lórí ìrìn, nítorí náà bí ẹ bá ń wa ọkọ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ló jẹ́ kánjúkánjú jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ni ẹ fi gbolohùn kan ṣoṣo sọ. Tó bá ti kọjá 140 lórí 90, tí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn tó sì rí bẹ́ẹ̀, ó ti dé nìyẹn. Kì í dunni, kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀, títí tí yóò fi di rọpárọsẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ bá gbẹ kí ẹ tó lọ. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Kàbà. Ẹni tó bá wà lápá Yàgbà ní ilé ìwòsàn ECWA l'Ẹ́gbẹ̀. Ohun tó bá sì ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹ lọ láìjẹun láàárọ̀ kí wọ́n lè wọn ṣúgà yín. Kí ó wà nísàlẹ̀ 100 (ní òṣùwọ̀n mg/dL) ló dáa. 100 sí 125, ó ti ń rìn lọ sọ́nà àtọ̀gbẹ. 126 lọ sókè, tí wọ́n bá rí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di í. Ẹ ní kí wọ́n wo kíndìnrín àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn tó kù mo máa yára sọ: ọ̀rá tó ń dì mọ́ ẹ̀dọ̀, òkúta tó ń hù nínú àpò òróǹro, àrùn ọkàn, àìtètè lóyún fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ọ̀kan ṣì wà tí mi ò lè fò. Ọ̀rá máa ń ṣe họ́mónù obìnrin fúnra rẹ̀, kò sì dá a dúró lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ àti ti ọmú. Obìnrin tó ti lo ọdún kan gbáko láìrí nǹkan oṣù, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó má ṣe rò pé ìgbà èwe ló padà dé. Kó lọ sílé ìwòsàn kíá, kódà bó jẹ́ ẹ̀kán kan ni.

Ó wá kan ohun tó dùn yín jù: kílò mẹ́fà tó lọ, tó sì di mẹ́jọ nígbà tó padà. Ẹ ti rò pé ọwọ́ yín ló rọ̀. Àwọn kan á ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lójú, pàápàá àwọn tí Ọlọ́run dá ní tín-ín-rín tí wọ́n ń jẹ ohun tó wù wọ́n.

Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Rockefeller ní New York rí họ́mónù kan tí ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Leptin lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ròyìn fún ọpọlọ bí oúnjẹ tó wà nípamọ́ lára ṣe tó. Bí ọ̀rá bá dín, leptin á dín. Ọpọlọ á gbà pé ìyàn ti mú. Ebi á wá máa pa èèyàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òórùn ọbẹ̀ á máa pè é láti ilé kejì, ara náà á sì máa ṣọ́ agbára ná. Eré tẹlifíṣàn kan wà l'Amẹ́ríkà tí àwọn tó sanra ti ń du ẹ̀bùn owó, ẹni tó bá gbẹ jù ló ń gbà á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, onímọ̀ kan, Kevin Hall, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ wọn mẹ́rìnlá nínú wọn; 2016 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú kílò náà ti padà sí wọn lára. Èyí tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni pé ara wọn ṣì ń jó bíi kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 500 dín lójúmọ́ sí ohun tó yẹ kí ara tó tó tiwọn máa jó. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn eré o!

Bó ṣe ṣe yín nìyẹn. Àwẹ̀ yín láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run, mi ò sí níbẹ̀. Mo ń sọ ti ara ni. Ẹni tó febi pa ara rẹ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó wá fi òkìtì iyán àti mọ́ọ̀tì tútù ṣínu, ara rẹ̀ ti gbọ́ pé ìyàn wà nílé, ó sì ti múra láti kó gbogbo ohun tó bá wọlé pamọ́. Lára kílò mẹ́fà tó sì lọ, omi wà níbẹ̀, ẹran ara wà níbẹ̀. Ọ̀rá nìkan kọ́. Nígbà tó máa padà, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ohun tó padà.

Àwọn ìyá wa jẹ iyán. Wọ́n jẹ ẹ́ ju tiwa lọ, wọn ò sì sanra tó wa. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, wọ́n fẹsẹ̀ rìn bọ̀, igi ìdáná wà lórí, omi odò wà lórí. Nísinsìnyí ọ̀kadà ló ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, a ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀kadà á tún gbé wa padà. Ohun tí a ń jẹ náà ti yí padà. Ìwádìí mìíràn tí Kevin Hall yìí kan náà ṣe ní 2019 fi oúnjẹ ilé iṣẹ́, irú bíi bisikíìtì, ohun inú agolo àti ohun inú láílọ́ọ̀nù, wé oúnjẹ tí wọ́n sè láti ìpìlẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa jẹ ẹ́ títí wọ́n á fi yó. Nígbà tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́, wọ́n fi bíi kálórì 500 jẹun ju ti èkejì lọ lójúmọ́, wọn ò sì mọ̀. Ẹ rántí pé láti Kàbà dé Ìsánlú, Sátidé tí kò sí òkú ṣíṣe tàbí ìgbéyàwó ṣọ̀wọ́n. Ìran tún wà níbẹ̀: ẹni tí ìyá àti ìyá-ìyá rẹ̀ sanra, ẹrù tó gbé wáyé wúwo ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ dẹ̀yìn lẹ́yìn gbígbẹ kíákíá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lé ni kílò márùn-ún, láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ó má sì padà. Ó kéré lójú, àbí? Ìyẹn ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yín, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìwádìí ńlá kan jáde l'Amẹ́ríkà ní 2002 lórí èèyàn 3,234 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, àtọ̀gbẹ tó mú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó gba oògùn òfìfo. Ìdá méje yín kò pé kílò méje.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ ilé ìdáná. Epo ni mo máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe iyán. Gíráámù kan epo jẹ́ kálórì mẹ́sàn-án. Ti iṣu àti ẹ̀wà kò ju mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá da ààbọ̀ ìgò bíà epo pupa sínú ìkòkò ẹ̀gúsí, ẹ ti da nǹkan bíi kálórì 2,400 sí i kí ẹ̀gúsí tó wọbẹ̀, ẹ̀gúsí náà sì kún fún òróró tirẹ̀. Bí ìkòkò náà bá jẹ́ àwo méjìlá, igba kálórì ló wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan láti ara epo nìkan. Ẹ yé é dà á láti ẹnu ìgò. Ṣíbí ìjẹun ńlá ni kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n, ọ̀kan jẹ́ bíi kálórì 120. Ṣíbí mẹ́rin tó fún ìkòkò tí mo wí yẹn, bí irú, ata àti ẹja gbígbẹ bá pé síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹnu máa kọ̀ ọ́. Ọkọ yín á sọ̀rọ̀. Ẹ rántí rẹ̀ létí pé òun náà ní ikùn láti wọ̀n.

Iyán wá ńkọ́? Iṣu sísè gíráámù 100 jẹ́ nǹkan bíi kálórì 115, gígún kì í sì í yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Òkìtì tí wọ́n ń bù fún àlejò lè ju gíráámù 600 lọ. Ẹ bu èyí tó tó ìkúùkù yín kan, tàbí ọ̀kan àti díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilá, ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ jù ú lọ nínú àwo, kó má sì jẹ́ gbogbo alẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó yín nítorí òkèlè tí wọ́n ní kì í múni sanra. Àlìkámà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ aláìpọ́n, oat tí wọ́n rò bí ẹ̀bà, gíráámù fún gíráámù ìyẹ̀fun wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àmàlà. Bí òkìtì bá ṣe tó ni ẹjọ́ wà.

Ohun tí a ń mu burú ju bí a ṣe rò lọ. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl lè gbé bíi gíráámù 50 ṣúgà, bíi kóró ṣúgà méjìlá. WHO ní kí ṣúgà tí a ń fi sí nǹkan má kọjá nǹkan bíi gíráámù 50 lójúmọ́ fún àgbàlagbà. Ìgò kan ti gbà á tán. Mọ́ọ̀tì tí a ń fún aboyún àti aláìsàn kò yàtọ̀. Omi ni kí ẹ máa mu, àti zobo tí kò ní ṣúgà. Nígbà kajú, èso rẹ̀ olómi kò ní wàhálà, ẹ jẹ ẹ́; kóró rẹ̀ tí wọ́n yan ni kí ẹ ṣọ́, gíráámù 100 rẹ̀ kọjá kálórì 550, ọwọ́ kì í sì í dúró nídìí rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò. Wọn kì í jẹun láàárọ̀, wọn kì í jẹ lọ́sàn-án, bisikíìtì àti ẹ̀pà ni títí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń jókòó ti oúnjẹ ọjọ́ náà. Ẹ yí i padà. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ, tàbí ẹ̀wà tí epo rẹ̀ kò pọ̀, tàbí ẹyin méjì pẹ̀lú iṣu díẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin ń jẹ́ kí èèyàn yó pẹ́, wọ́n sì ń pa ẹran ara mọ́ kó má bá ọ̀rá lọ.

Rírìn: ẹ má retí pé òun nìkan á mú kílò wálẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rọ̀, àti láti má jẹ́ kí èyí tó lọ padà. Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Nítorí orúnkún, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ má gun òkè. Bí ọgbọ̀n bá pọ̀, ẹ fi mẹ́wàá mẹ́wàá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí ẹ tó délé, kí ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù. Nídìí ọjà, ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti ara yín, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nígbà tí kò bá sí oníbàárà.

Tíì yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ewé senna ló sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ sì ni. Omi àti ìgbẹ́ ni ẹ ń yà dànù, òṣùwọ̀n á sọ pé kílò méjì lọ, ẹ mu omi tán ó padà. Èyí tó burú jù ni èyí tí wọ́n fi oògùn gidi pa mọ́ sínú rẹ̀ láìkọ ọ́ sára páálí. Sibutramine jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ti kó o kúrò lórí àtẹ l'Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù láti 2010 nítorí pé ó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bá a nínú àwọn oògùn ìgbẹ tí wọ́n ní ewé lásán ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wà ní 150 kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án.

Abẹ́rẹ́ tí ọmọ yín sọ, òótọ́ ni. Semaglutide lorúkọ oògùn inú rẹ̀. Ó ń ṣe bíi họ́mónù tí ìfun ń tú jáde lẹ́yìn oúnjẹ, ebi á dín, ikùn á sì pẹ́ kó tó ṣófo. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2021, àwọn tó gún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 68 pàdánù bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn. Kò sí tíì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí BMI rẹ̀ jẹ́ 37.5 wà lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún, nítorí náà mi ò ní bú ọmọ yín. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù. Ó wọ́n. Ó máa ń fa èébì àti inú rírú. Ẹni tó bá dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ sábà máa ń padà láàárín ọdún kan. Inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó ṣí i, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Ayédèrú rẹ̀ wà lóde débi pé WHO kéde ìkìlọ̀ lé e lórí ní Okudù 2024. Bí ẹ bá máa lò ó láé, kó jẹ́ láti ọwọ́ dókítà tó ti wo gbogbo ara yín, nílé oògùn tó ní fíríìjì àti ẹ̀rọ iná, kó má jẹ́ láti inú báàgì ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Èkó. Iṣẹ́ abẹ ikùn náà wà fún irú BMI yín tí àìsàn bá kún un, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì débẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni ò tíì tọ́jú ló ṣáájú.

Ó ku àbúrò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín. Oògùn ìsanra tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń rà ní kẹ́míìsì sábà máa ń jẹ́ dexamethasone, tàbí cyproheptadine, tàbí méjèèjì pọ̀. Dexamethasone á wú ojú, á kó omi àti ọ̀rá sí ara àti ẹ̀yìn ọrùn, àwọn ènìyàn á ní ó ti rẹwà. Lábẹ́lẹ̀, ó ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ó sì ń mú kí ara gbàgbé bí òun ṣe ń ṣe irú họ́mónù yẹn fúnra rẹ̀. Nítorí ìyẹn, ẹ má já oògùn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì dà á nù pẹ̀lú ìbínú. Bó bá ti lò ó ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dídá a dúró lójijì lè mú kó máa bì, kó rẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kó sì dákú. Ẹ ní kó kó gbogbo páálí àti ìdì oògùn náà sínú àpò kan, pẹ̀lú èyí tó ti lò tán, kó mú un lọ́wọ́ lọ bá dókítà, wọ́n á máa dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ báyìí, ẹ gbé e lọ lónìí. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lè jọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, láìjẹun, kí wọ́n wọn ṣúgà yín pọ̀.